Eruku Ni Yóò Jáde

Ìyá Káfíńtà kì í ṣe ìyá káfíńtà kankan o. Òun fúnra rẹ̀ ni káfíńtà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ yẹn a wọ ṣọ́ọ̀bù, a kí i dáadáa, a sì béèrè ibi tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lọ, kí àwọn lè jọ sọ̀rọ̀ àga. Obìnrin náà a gbé ayùn ọwọ́ rẹ̀ sókè. "Ọmọ mi nìyí. Ẹ sọ ọ́ fún un, etí ẹ̀ mú." Lẹ́yìn náà a tún ọ̀fun rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀mejì, hẹ̀n-hẹ̀n, bó ti máa ń ṣe kó tó dáwọ́ lé iṣẹ́ èyíkéyìí. Bí o bá bi í pé ṣé ikọ́ ni, á ní rárá o, òun ń kí àwọn irinṣẹ́ òun ni.

Òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Ó jẹ́ yàrá gbọọrọ kan tí wọ́n fi páànù bò, fèrèsé méjì kọjú sí títì, ilẹ̀kùn kan sì wà lẹ́yìn tó ṣí sí ilẹ̀ gbalasa kan. Ẹ̀rọ mẹ́ta ló wà níbẹ̀: ayùn oníná ní àárín, ẹ̀rọ ìfági lẹ́bàá ògiri, àti ẹ̀rọ onísánpépà ní kọ̀rọ̀, èyí tó ń họ ara pákó títí táá fi máa dán. Bàbá wọn ló dá ibẹ̀ sílẹ̀. Bàbá wọn náà ló kọ́ àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì níṣẹ́, nígbà tí àwọn ẹbí ń bi ara wọn léèrè bóyá orí rẹ̀ pé.

Ikọ́ bàbá yìí ni aago ilé wọn. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ láti ìkóríta, ìyá wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í bu oúnjẹ. Bàbá a máa sọ pé eruku kì í pa káfíńtà, àìríṣẹ́ ló ń pa á. Kò rí i sọ nígbà tí eruku pa á tán. Ó kú ní ìjókòó lórí ibùsùn, nítorí pé kò lè mí mọ́ bó bá fẹ̀yìn lélẹ̀, gbogbo àwọn tó wá kí wọn sì ń sọ pé ikọ́ iṣẹ́ ni, bí ẹni pé nígbà tí iṣẹ́ ti ni ín, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i.

Ìyá wọn ní tirẹ̀ fi òfin kan ṣoṣo sílẹ̀: iṣẹ́ kò tíì parí bí ilẹ̀ kò bá tíì mọ́. Òfin yìí wọ Ìyá Káfíńtà lára ju awọ lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, a mú ìgbálẹ̀, a gbá yàrá náà láti kọ̀rọ̀ dé kọ̀rọ̀. Eruku a gbéra, a fò yí ká, a sì tún balẹ̀ jẹ́jẹ́ sórí pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Ní òwúrọ̀, a tún mú ìgbálẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni wọ́n fi ń lé eruku kan náà kiri.

Jẹ́jẹ́ ni gbogbo èèyàn ń pe àbúrò. Kì í kánjú. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá gé pákó mẹ́wàá, òun a ṣì máa fi àtẹ́lẹwọ́ pa ara ẹyọ kan bí ẹni ń pa ẹ̀yìn ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó sórí àga tí Jẹ́jẹ́ parí, kò ní fẹ́ dìde. Òun ló ni ẹ̀rọ onísánpépà, òun ló sì ń jẹ eruku tó kúnná jù nínú gbogbo eruku ṣọ́ọ̀bù.

Ikọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu nígbà tó lé díẹ̀ lọ́mọ ogójì ọdún. Ó kọ́kọ́ dà bí ọ̀fìnkìn. Nígbà tó yá, kò lè sọ gbólóhùn kan parí kó má dúró ní ìdajì. Àwọn oníbàárà rò pé ó ń fa ọ̀rọ̀ bó ti ń fa iṣẹ́ ni, wọ́n á dúró, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ tó gbé ẹsẹ̀ àga mẹ́rin péré láti ẹnu ọ̀nà dé àárín yàrá tó sì fìdí jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú ètè tó ti dúdú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ ayùn sílẹ̀, ó mú un lọ́wọ́, ó di ilé ìwòsàn.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni dókítà wà. Jẹ́jẹ́ dúró lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gùn ún dé òkè. Ìyá Káfíńtà náà dúró ní àárín, ó di irin ẹ̀gbẹ́ mú, ó ń wo títì. Ó ní ẹni tó bá ń sáré gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kò ní rí ayé.

Dókítà náà jẹ́ obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó gbé páìpù kékeré kan fún Jẹ́jẹ́, èyí tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí ọfà pupa kan sì ń sún síwájú nínú rẹ̀ bí èèyàn bá fi gbogbo agbára fẹ́ atẹ́gùn sí i. Jẹ́jẹ́ fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Èyí tó dára jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé igba ó lé àádọ́ta.

"Ó yẹ kí obìnrin tó ga tó yín, tó dàgbà tó yín, fẹ́ irinwó ó lé díẹ̀," ni dókítà wí. "Eruku igi ló ń dí ọ̀nà èémí yín. Màá fún yín ní oògùn, ẹ sì gbọ́dọ̀ máa lo ìbòmú tó nípọn. Ṣùgbọ́n oògùn ò lè máa bá eruku ja ìjà ojoojúmọ́ kó máa borí. Oṣù mẹ́ta ni mo fún yín. Tí nọ́ńbà yìí ò bá gòkè, ẹ máa fi ṣọ́ọ̀bù yẹn sílẹ̀ ni. Èyí tó bá bàjẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, kò ní ṣeé tún ṣe."

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, Jẹ́jẹ́ jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò mọ nǹkan mìíràn ṣe láyé mi. Kí ni wọ́n fẹ́ kí n lọ máa ṣe? Kí n máa jókòó sílé kí n máa wo àga tẹ́lòmíì ṣe?"

Omi ti kún ojú rẹ̀. Ìyá Káfíńtà kì í mọ bí wọ́n ti ń rẹ ẹlẹ́kún, nítorí náà ó ń wo bàtà rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń wọn pákó.

"Dìde. Nínú ìwọ àti eruku, ẹnì kan ló máa jáde ní ṣọ́ọ̀bù yẹn. Eruku ni yóò jáde."

Ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, Ìyá Káfíńtà lọ sí ilé iṣẹ́ àga kan tó ti kógbá sílé, ó fi ilẹ̀kùn tó ti gbẹ́ tán fún ara rẹ̀ gba ẹ̀rọ kan tí wọ́n gbé jù sí ẹ̀yìnkùlé. Fáànù ńlá ni, ó wà nínú àgbá irin. Ó ń fa afẹ́fẹ́ àti èérún igi láti ẹnu páìpù, ó sì ń tu ú sínú àpò aṣọ méjì tó wà lórí ara wọn: ti ìsàlẹ̀ ń gba èérún, ti òkè ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gba ojú aṣọ padà sínú yàrá. Ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ tàn án, ó fa ìwé ìwọ̀n kan kúrò lórí tábìlì, ó gbé e mì. Jẹ́jẹ́ sọ ọ́ ní Alájẹkì lójú ẹsẹ̀.

Oníná tó wá bá wọn so ó ni bàbá àgbàlagbà kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Kòsíwàhálà. Iná gbé e lulẹ̀ láti orí òpó rí, ohun tó sì wí nígbà tí wọ́n gbé e dìde nìyẹn. Ó fi wáyà tó nípọn fún ẹ̀rọ náà ní ojú iná tirẹ̀, kí ó má bàa bá ayùn pín in. Páìpù ni Ìyá Káfíńtà kò jẹ́ kó fọwọ́ kàn. Òun fúnra rẹ̀ ló tò ó.

Ó sì tò ó bíi káfíńtà. Ó gbé Alájẹkì sí kọ̀rọ̀, ó mú páìpù rọ́bà tẹ̀ lé ògiri, ó gbà á lókè, ó gbà á nísàlẹ̀, gbogbo ibi tó ti yà ni igun rẹ̀ gún régé bí igun àpótí. Ó fi irinṣẹ́ onígun wọn ìkọ̀ọ̀kan. Ó rẹwà débi pé Jẹ́jẹ́ ní kí àwọn kùn ún. Wọ́n tan ẹ̀rọ, wọ́n fági. Èérún lọ dé igun kejì, ó jókòó síbẹ̀ bí àlejò tó rí àga tó rọ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, gbogbo páìpù ti dí.

Kòsíwàhálà dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín sínú irùngbọ̀n. "Ìyá Káfíńtà, afẹ́fẹ́ ò mọ igun. Ṣé ẹ ti rí odò tó yà bí àpótí rí?"

"Ẹ̀yin tí wáyà yín máa ń rí bí ìtẹ́ ẹyẹ," Ìyá Káfíńtà dáhùn, "ẹ̀yin lẹ wá ń kọ́ mi níṣẹ́."

Ṣùgbọ́n kò gbóná mọ́ ọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Ó sún ẹ̀rọ ìfági, tó ń da èérún jù, mọ́ Alájẹkì. Ó ra páìpù tó fẹ̀ jù ti àkọ́kọ́ lọ, ó jẹ́ kó gba ọ̀nà tó kúrú jù, ibi tó bá sì pọn dandan kó yà, ó yà á ní dagun díẹ̀díẹ̀. Ojú ń ro ó bó ti ń wò ó, nítorí ó dà bíi pé ẹni tó mutí ló tò ó. Ó gbẹ́ ilẹ̀kùn pákó kékeré sí ẹnu páìpù ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, èyí tó ń wọ inú ihò rẹ̀ tó sì ń jáde, ó sì ṣòfin pé ọ̀kan ṣoṣo ni kó máa wà ní ṣíṣí. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ṣí papọ̀, Alájẹkì á máa tọ́ ọ wò níbí, á máa tọ́ ọ wò lọ́hùn-ún, kò ní jẹ èyíkéyìí yó.

Ní ọjọ́ kẹta tí wọ́n ń lò ó, Kòsíwàhálà wá wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó sì fara ti páìpù. Iná kékeré kan ta á ní apá, pà. Irun ọwọ́ rẹ̀ dìde. Ó wo páìpù. Ó wo apá rẹ̀.

"Wàhálà wà," ó wí.

Jẹ́jẹ́ mú pẹ́ńsùlù, ó kọ déètì ọjọ́ náà sára ògiri. Ṣùgbọ́n bàbá náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé pé eruku tó ń sáré nínú rọ́bà ń fi ara gbo rọ́bà náà, iná a sì máa kóra jọ síbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni so wáyà mọ́ ọn. Eruku igi tó kúnná, bó bá pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ tí iná ta sí i, kò yàtọ̀ sí ẹ̀tù ìbọn. Ó mú wáyà bàbà tí kò wọ aṣọ, ó gbà á gba inú àti ara páìpù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó so ó mọ́ irin tí wọ́n rì mọ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé. Láti ọjọ́ náà lọ, Ìyá Káfíńtà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìṣó ṣeré níwájú páìpù. Ìṣó kan tó bá wọ inú rẹ̀ tó lu fáànù lè ta iná. Kò sí sìgá ní ṣọ́ọ̀bù, ìbáà jẹ́ oníbàárà tó ń bọ̀ wá ra ibùsùn mẹ́wàá ló mú un. Kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ṣí ẹ̀rọ náà bí kò bá tíì yọ ọ́ lójú iná.

Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ní ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí bàbá wọn ti kọ́ ilé náà, èèyàn rí àwọ̀ sìmẹ́ńtì ilẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Àwọn aládùúgbò ń wá wò ó. Jẹ́jẹ́ wo ilẹ̀ títí, ó yọ ìbòmú tó ń há a ní imú, ó fi kọ́ ìṣó.

Nísinsìnyí, ẹ rántí òfin ìyá wọn. Àpò aṣọ wà ní ṣọ́ọ̀bù tó ń dọ̀tí lójoojúmọ́, Ìyá Káfíńtà á sì máa wò ó níran? Ní ìrọ̀lẹ́, bí Jẹ́jẹ́ bá ti lọ sílé, a ti ilẹ̀kùn, a pa fèrèsé dé kí eruku má bàa ba aṣọ tí àwọn ará ilé kejì sá síta, a sì fi igi lu àpò òkè náà títí kò fi ní sí nǹkan kan lára rẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé, a tú u, a fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, a fi omi mẹ́ta ṣan án, a sá a sínú oòrùn. Ó ń funfun bíi aṣọ ìyàwó.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé, wọ́n padà sọ́dọ̀ dókítà. Wọ́n fi ìdùnnú gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n ń dúró, wọ́n ń gùn. Jẹ́jẹ́ fẹ́ páìpù lẹ́ẹ̀mẹta. Igba ó lé ọgbọ̀n. Ó tún ti lọ sílẹ̀ sí i.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Dókítà kò sọ púpọ̀, ó kàn ní ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Nígbà tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù, Jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í nu àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n sínú àpótí bí ẹni ń tẹ́ òkú.

"Kí lò ń ṣe?" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í.

"Ilẹ̀ ti mọ́ tó báyìí, ẹ̀gbọ́n mi, síbẹ̀ mò ń burú sí i. A jẹ́ pé kì í ṣe eruku. Èmi gan-an ni mo ti bàjẹ́."

"Kó wọn jáde."

"Ẹ̀gbọ́n mi..."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni dókítà pè é, kò pè é ní òní. Wọ ìbòmú ẹ, kí o kó wọn jáde."

Ìyá Káfíńtà fúnra rẹ̀ mú èyí tó wà lókè jáde. Kò mọ ohun tó tún kù tí òun lè ṣe. Ó mọ̀ pé òun kò ní fi àbúrò òun sílẹ̀ fún eruku ni, ìyẹn nìkan ló mọ̀.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ó dé ṣọ́ọ̀bù ṣáájú àbúrò rẹ̀. Ihò ìṣó kan wà lára páànù òkè, tí wọ́n ti gbàgbé láti dí. Bí oòrùn òwúrọ̀ bá gun orí ilé, ìlà ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan a gba ihò náà wọlé, a dagun kọjá lórí Alájẹkì. Ìyá Káfíńtà tan ẹ̀rọ, ó ti pákó kan bọ ẹnu ẹ̀rọ onísánpépà, ó sì ṣèèṣì gbójú sókè. Ìlà ìmọ́lẹ̀ náà ti di funfun. Eruku ń hó nínú rẹ̀ bí èéfín, láti ibi tí àpò òkè wà. Ilẹ̀ mọ́ tónítóní lábẹ́ rẹ̀. Gbogbo ẹ̀gbin tó kúrò nílẹ̀ ti gba inú afẹ́fẹ́ lọ.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ti jẹ́ káfíńtà pẹ́ ju kí ó wọn nǹkan lẹ́ẹ̀kan kó gé e lọ. Ó gbé igi tó fi ń lu àpò tì, kò lù ú ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, nítorí ó fẹ́ kí ohun gbogbo wà bó ṣe wà kó lè wò ó. Ní ọjọ́ kejì, ìlà náà ṣì nípọn. Ní ọjọ́ kẹta, ó fúyẹ́ díẹ̀. Nígbà tó fi di Fúráìdé, àpò náà ti dọ̀tí, ó ti dúdú, ó ń dójú ti ẹni tó ni ín, ìlà ìmọ́lẹ̀ náà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ tán. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń ro ó. Eruku tó lẹ̀ mọ́ inú aṣọ ló ń dí ojú aṣọ, tí eruku tó kúnná kò fi rí ọ̀nà gbà. Ní alaalẹ́ lòun ń lù ú kúrò. Ní gbogbo Sátidé lòun ń fi ọṣẹ ṣí ojú aṣọ náà sílẹ̀. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Nígbà tí Jẹ́jẹ́ dé, ó sọ ọ́ fún un láìfọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. "Èmi ni mò ń pa ẹ́. Èmi àti ọṣẹ mi."

Ó fi ìlà ìmọ́lẹ̀ náà hàn án. Jẹ́jẹ́ wò ó, ó wo àpò, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó dúró bí ọmọ tó fọ́ àwo. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á.

"Màámi ni," ó wí nígbà tó rí èémí mí. "Màámi ò jẹ́ kí aṣọ kankan sinmi láti ọ̀run wá."

"Má rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún."

Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọ́n sì gbé Alájẹkì jáde nínú ilé. Ìyá Káfíńtà fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ilé kékeré kan fún un lẹ́yìn ògiri, níbi tí ilẹ̀ gbalasa wà tí atẹ́gùn ń gbé eruku lọ kúrò lọ́dọ̀ gbogbo èèyàn. Wọ́n lu ògiri, páìpù gba ibẹ̀ wọlé. Ó rán àpò tuntun, ojú aṣọ rẹ̀ há débi pé bí o bá fi sẹ́nu o kò lè mí gba inú rẹ̀ dáadáa. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́. Wọ́n á gbọ̀n ọ́n díẹ̀ bó bá wúwo jù, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí àpò ìsàlẹ̀ bá dé ìdajì, wọ́n á pa ẹ̀rọ, wọ́n á wọ ìbòmú, wọ́n á dà á níta. Kòsíwàhálà gbé ohun ìtanná sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn iwájú, ó sì tún wáyà bàbà so mọ́ irin ilẹ̀, ó fà á lẹ́ẹ̀mejì kó lè dá a lójú.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tàn án níbùgbé rẹ̀ tuntun, ilẹ̀kùn iwájú kọ̀, kò ṣí. Jẹ́jẹ́ fà á, ó tún fà á. Alájẹkì ti fẹ́ fa afẹ́fẹ́ inú yàrá tán, kò sì sí ibi tí òmíràn ń gbà wọlé. Ìyá Káfíńtà ṣí àwọn fèrèsé méjèèjì, ilẹ̀kùn sì rọ̀. Láti ìgbà náà, wọn kì í tan ẹ̀rọ bí fèrèsé bá wà ní títì. Ìgbálẹ̀, wọ́n gbé e kọ́ ògiri. Wọ́n so páìpù tó rọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn pákó kẹrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́, òun ni wọ́n fi ń fa ilẹ̀. Ó kọ́kọ́ ṣòro fún Ìyá Káfíńtà. Ní ọjọ́ méjì, ọwọ́ rẹ̀ ṣèèṣì lọ sí ibi ìgbálẹ̀, Jẹ́jẹ́ a wúkọ́ ẹ̀tàn, ọwọ́ náà a padà. Kọ́kọ́rọ́ ilé Alájẹkì, inú àpò ẹ̀wù rẹ̀ ló ń gbé. Òun ló ń da àpò, òun ló ń gbọ̀n ọ́n, kò jẹ́ kí ẹlòmíràn sún mọ́ ọn.

Ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan, àwọn méjèèjì a dúró wo ìlà ìmọ́lẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó mọ́, èèyàn ní láti na ọwọ́ sínú rẹ̀ kó tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ọjọ́ pé. Jẹ́jẹ́ gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì dókítà, ó dúró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìyẹn sì jẹ́ láti dúró de ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń wo títì. Ó gba páìpù, ó mí kanlẹ̀, ó fẹ́ ẹ. Ó fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kejì. Ó fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kẹta. Dókítà yí i sójú ìmọ́lẹ̀.

"Ọ̀ọ́dúnrún ó lé àádọ́rin," ó wí, ó sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ẹ ò ní fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Ẹ máa wá kí n máa wò yín, ṣùgbọ́n ẹ ò ní fi sílẹ̀."

Jẹ́jẹ́ bojú. Ìyá Káfíńtà dìde, ó ń wá àpò ọwọ́ rẹ̀, nítorí tí ojú òun náà kò dá ṣáká mọ́. Ó tún ọ̀fun rẹ̀ ṣe. Hẹ̀n-hẹ̀n.

Dókítà gbójú sókè. "Ẹ̀yin ńkọ́, mà? Ọdún mélòó lẹ ti lò nínú eruku yẹn?"

"Èmi? Ọgbọ̀n ọdún ó lé. Èmi ò níkọ́." Hẹ̀n-hẹ̀n.

Jẹ́jẹ́ mú ọwọ́ kúrò lójú. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bó ti máa ń wo ojú pákó tó fẹ́ là. "Kí lẹ ṣe yẹn?"

"Ọ̀fun mi ni mò ń tún ṣe."

"Irinṣẹ́ wo lẹ̀ ń kí níbí?"

Dókítà ti fi ẹnu tuntun sí páìpù, ó ti nà án síwájú. Ìyá Káfíńtà gbà á bí ẹni gba ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́yìn ẹ̀kẹta ó di tábìlì mú. Èyí tó dára jù dé igba ó lé mẹ́wàá.

Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Obìnrin tó fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko ka eruku inú ìlà ìmọ́lẹ̀, kò ka iye ìgbà tí òun ń dúró lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Òun ló lu àpò náà ní alaalẹ́, pẹ̀lú ilẹ̀kùn títì àti fèrèsé pípadé, tó fi imú gba ohun tó jáde. Ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù tòótọ́. Ó gbọ́ ikọ́ bàbá rẹ̀ láti ìkóríta, ó gbọ́ ọ bí ẹni pé ìyá rẹ̀ ti ń bu oúnjẹ.

"Ẹ jọ̀ọ́, dókítà," ni Jẹ́jẹ́ wí, "ẹ kọ oṣù mẹ́ta sílẹ̀ fún wọn." Ó wá yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò dúró lágbedeméjì ọ̀rọ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ bó ti máa ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, jẹ́jẹ́, títí dé òpin rẹ̀. "Nínú ẹ̀yin àti eruku, ẹ̀gbọ́n mi, ẹnì kan ló máa jáde ní ṣọ́ọ̀bù yẹn. Eruku ni yóò jáde. Ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ ilé Alájẹkì wá. Láti òní lọ, èmi ni n ó máa da àpò."

Ìyá Káfíńtà la ẹnu láti jiyàn. Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó mú kọ́kọ́rọ́ náà jáde, ó fi lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́.

Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀. Ní àárín pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, Ìyá Káfíńtà dúró, ó di irin mú. Lọ́tẹ̀ yìí, kò wo títì.

"Jẹ́ kí n mí," ó wí, àbúrò rẹ̀ sì dúró tì í.